Ara ajá ń yún un, kì í ṣe eégbọn: báwo la ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ ni?

Alájá_Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà alájá. Lhasa ni ajá náà, akọ, ọmọ ọdún 3, kílò 8. Ìrẹsì àti orí adìẹ ni oúnjẹ rẹ̀ láti kékeré, pẹ̀lú oúnjẹ ajá inú àpò nígbà tówó bá wà. Ó ti tó oṣù 5 tó ti ń lá ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, irun ibẹ̀ ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Etí ń rùn. A fi oògùn sí i, ó san, ó tún padà. Mi ò rí eégbọn kankan. Ẹnì kan ní kí n lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò alẹ́jì, ẹlòmíràn ní kí n ṣáà yọ adìẹ kúrò. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Dókítà_Ẹranko:
Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, itọ́ tàbí irun tó ṣeé gbára lé láti mọ oúnjẹ tí ara ajá kọ̀. Wọ́n ń tà á, ìwé èsì rẹ̀ a sì máa dùn ún wò, pẹ̀lú oríṣi oúnjẹ ogún tí wọ́n to sílẹ̀ tí wọ́n sì fi pupa sàmì sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ ajá tí nǹkan kan kò ṣe, tirẹ̀ náà lè pupa bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: ẹ fún un ní oúnjẹ tí kò jẹ rí, òun nìkan, fún ọ̀sẹ̀ 8. Bí yíyún bá lọ, ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà kẹ́ ẹ wò ó bóyá yíyún náà yóò padà. Ìdá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀rí.

Ní ti adìẹ, ó lè jẹ́ òun, ó sì lè má jẹ́ òun. Àkójọ ìwádìí kan jáde ní 2016 tó gbé ajá 297 tí ara wọn kọ oúnjẹ kan yẹ̀ wò. Ẹran màlúù ló ṣáájú, 34%. Wàrà àti ohun tí a fi wàrà ṣe, 17%. Adìẹ, 15%. Àlìkámà, 13%. Lẹ́yìn ìyẹn ni sóyà 6%, àgùntàn 5%, àgbàdo àti ẹyin 4% lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́dẹ̀, ẹja àti ìrẹsì nǹkan bí 2% lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò lè fi ìyẹn dá ajá tiyín lẹ́jọ́, torí ohun tí ajá ń jẹ déédéé níbi tó ń gbé ni ara rẹ̀ máa ń kọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ara wọn kọ oríṣi méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ adìẹ, ẹ fi ẹran màlúù rọ́pò rẹ̀, kó sì jẹ́ ẹran màlúù gan-an ló ń dà á láàmú.

Ẹ má sọ pé "ó ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, kò lè jẹ́ òun." Ohun tó ti ń jẹ láti kékeré gan-an ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn ọmọ ogun inú ara gbọ́dọ̀ ti pàdé nǹkan náà rí kí wọ́n tó lè dojú ìjà kọ ọ́.

Ibi tí ẹ ó wò: etí, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka, abíyá, abẹ́ itan, ojú, àti yíká ihò ìdí (ajá tó ń fi ìdí wọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lò oògùn aràn fún un). Ní ti inú: ìgbẹ́ tó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lóòjọ́, ìgbẹ́ rírọ̀, isó tó ń rùn kọjá ààlà, èébì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Etí tó ń san tó tún ń padà wà lára àmì tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Àmì mìíràn ni pé yíyún náà kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí yíyún bá ń wá nígbà kan tó sì ń lọ pátápátá nígbà kejì, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí nǹkan mìíràn.

Ìyá_Bingo:
Dókítà ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó náwó lórí oúnjẹ tuntun, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe kòkòrò. "Mi ò rí eégbọn" kò tó. Yọ̀rọ̀ kéré, ó ń sáré, irun Lhasa sì dí bí igbó.

Ẹ mú òòyà eléyín wẹ́wẹ́, ẹ fi ya ìdí ìrù àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú tó bá jáde, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí tíṣù funfun tí ẹ ti fi omi rin. Bó bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ tí yọ̀rọ̀ mu ló yà nígbẹ̀ẹ́. Bó bá dúdú lọ bẹ́ẹ̀, erùpẹ̀ lásán ni.

Fún kúrúnà: ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ máa fi ara etí ra ara etí. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni tó fẹ́ họ ara, ẹ fura. Bí ara àwọn ará ilé náà bá ń yún, ìfura yẹn lágbára sí i. Dókítà lè ha awọ rẹ̀ kó fi sábẹ́ máíkírósíkóòpù, àmọ́ kòkòrò kúrúnà a máa sá pamọ́. Èsì pé "a ò rí nǹkan kan" kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú kúrúnà bí ìfura bá wà, yálà wọ́n rí kòkòrò tàbí wọn ò rí i. Làpálàpá náà ń bẹ, ó sábà máa ń pá irun lóbìrípo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dọ̀tí tàbí kẹrosíìnì pa ajá lára. Ó ń wọ inú awọ, ajá á sì tún lá a mì. Àti abẹ́rẹ́ ivermectin (oògùn kòkòrò) ti màlúù tí àwọn kan ń rà lọ́jà fúnra wọn: mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà kan. Fún ajá kékeré, àṣìṣe díẹ̀ nínú síríǹjì ti di àpọ̀jù. Collie àti àwọn German Shepherd kan kò lè gbà á rárá, ó ń wọ ọpọlọ wọn.

Dókítà_Ẹranko:
Ẹ ṣé, Mama. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Awọ tí ajá ti ń họ fún oṣù 5 ti gbàlejò: bakitéríà ti wọlé, yíísì náà ti wọlé. Àwọn wọ̀nyí fúnra wọn ń yúnni. Bí ẹ bá yí oúnjẹ padà láì tọ́jú wọn, oúnjẹ lè tọ̀nà, kí ajá ṣì máa họ ara, kẹ́ ẹ wá sọ pé oúnjẹ kọ́. Kí dókítà fi téèpù alẹ̀mọ́ tẹ àárín ọmọ ìka rẹ̀, kó fi òwú mú ìdọ̀tí etí, kó wò wọ́n. Ìtọ́jú á tẹ̀lé ohun tó bá rí. Ní ilé, ọṣẹ ìwẹ̀ ajá tó ní chlorhexidine 2% sí 4%, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ìfófòó rẹ̀ wà lára fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó ṣan án. Ìṣẹ́jú 10 o. Ọ̀pọ̀ ń ṣan án lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wá ní ọṣẹ náà kò ṣiṣẹ́. Àwọ̀ ìpẹtà tí ẹ rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, itọ́ ló fà á. Ó ń fi hàn pé ó ń lá a, kò sọ ìdí tó fi ń lá a.

Alásè_Ajá:
Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ mú ìwé. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ti wọ ẹnu ajá náà rí láti ọjọ́ tó ti délé: ẹran, ẹja, ẹyin, mílíìkì, bisikíìtì, búrẹ́dì, Indomie, ògì ìgbà ọmọdé, ohun tí ọmọ aládùúgbò ń jù fún un. Ẹran tí kò bá sí nínú ìwé yẹn lẹ ó lò. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ehoro ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, torí ajá tó ti jẹ ehoro kò pọ̀, àwọn tó ń sìn ín sì wà káàkiri. Ẹlẹ́dẹ̀ náà dára bí kò bá jẹ ẹ́ rí, àmọ́ ẹ sè é jinná dáadáa, ẹ sì gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Ilé tí wọn kì í ti í fẹ́ rí ẹlẹ́dẹ̀, ẹ bá ehoro lọ.

Ìrẹsì kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ajá yìí ti ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ fi iṣu tàbí ọ̀dùnkún rọ́pò rẹ̀. Bó bá ti ń jẹ iṣu, ẹ mú ọ̀dùnkún.

Fún àgbà ajá kílò 8, lóòjọ́: ehoro sísè tí a ti yọ eegun rẹ̀, gíráàmù 140, iṣu sísè, gíráàmù 190, òróró sunflower, ṣíbí tíì 1. Ìyẹn tó nǹkan bí kálórì 540. Fún ajá kílò 20: ehoro gíráàmù 280, iṣu gíráàmù 380, òróró ṣíbí tíì 2, nǹkan bí kálórì 1,080. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá jinná, torí ehoro tútù máa ń fọn omi dànù, ó ń dín tó ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́ta. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa wọn ajá náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ń rù, ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún gbogbo rẹ̀.

Bí a ṣe ń sè é: ehoro sínú omi, ìṣẹ́jú 45 títí ẹran á fi máa já kúrò lára eegun. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí kúùbù ọbẹ̀, kò sí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà àti áyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, àní láìsí ọ̀ràn alẹ́jì. Ẹ fi ọwọ́ yọ eegun, kì í ṣe ṣíbí. Eegun ehoro tó ti jinná tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń là bí abẹ́rẹ́. Omi ehoro yẹn, ẹ fi po iṣu. Ìkòkò àti ṣíbí tí ẹ fi se ọbẹ̀ adìẹ lánàá, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó. Nínú fíríìjì, ọjọ́ 3. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti dúró, ẹ máa se ti ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má jẹ́ kó kan.

Ẹ má gbé e fún un lójijì. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ìdá mẹ́rin oúnjẹ tuntun. Ọjọ́ kẹta, ìdajì. Ọjọ́ kẹrin, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Láti ọjọ́ karùn-ún, òun nìkan. Ọjọ́ karùn-ún yẹn lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ 8.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀gbọ́n, kálísíọ̀mù ń kọ́? Ẹran àti iṣu kò ní in tó.

Alásè_Ajá:
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rán mi létí. Ẹ lọ sí ilé oògùn, ẹ ra ìyẹ̀fun calcium carbonate lásán, èyí tí kò ní adùn ọsàn, kò sì ní fítámì kankan nínú. Ajá kílò 8, ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì lóòjọ́. Kílò 20, ìdajì ṣíbí. Àwọn kan máa ń lọ èèpo ẹyin. Kò burú lọ́jọ́ mìíràn, àmọ́ awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹyin, ẹyin sì wà lára ohun tí a ń fura sí.

Oúnjẹ yìí kò pé fún ìgbà pípẹ́. Àgbà ajá tó ní ìlera lè fi ṣe ọ̀sẹ̀ 8. Ọmọ ajá tó ṣì ń dàgbà kò gbọ́dọ̀ fi ṣe é rárá, pàápàá Boerboel, Caucasian àtàwọn eléegun ńlá. Eegun wọn á wọ́. Oúnjẹ inú àpò tí dókítà ń kọ ni kẹ́ ẹ fún irú wọn, èyí tí wọ́n ti já amúaradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ débi pé ọmọ ogun ara kò ní dá a mọ̀ mọ́. Ó wọ́n, ó sì ń ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n ó pé. Bí owó bá wà, òun ló rọrùn jù fún àgbà ajá náà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ewúrẹ́ ló wà ládùúgbò wa. Ṣé n ò lè lò ó dípò ehoro?

Dókítà_Ẹranko:
Bí ajá bá ti ń jẹ ẹran màlúù, mi ò ní mú ewúrẹ́. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, ìbátan ni wọ́n. Ara tó kọ ọ̀kan lè kọ èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni adìẹ, tòlótòló, pẹ́pẹ́yẹ àti àparò. Ẹni tó fi tòlótòló dán ajá tó ń jẹ adìẹ wò, tí yíyún kò sì lọ, kò tíì mọ nǹkan kan.

Àdùkẹ́_Ẹja:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo ẹja, ẹ ṣọ́ra fún Titus. Bí ẹja yẹn bá ti yọ́ kúrò nínú yìnyín, tí wọ́n tún dá a padà, tó tún yọ́ lọ́jà, histamine máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Histamine yìí kan náà ni ara ń tú jáde nígbà alẹ́jì. Ajá lè pọ́n lára kó sì máa yún nítorí ẹja tó bàjẹ́, láìjẹ́ pé ara rẹ̀ kọ ẹja. Sísè kò sì lè pa á. Ẹja àrọ̀ tó wà láàyè lójú yín ló dájú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ara àwọn ajá kan tó kọ adìẹ ń kọ ẹja náà, nítorí náà fún Lhasa yìí, ehoro ni mo fara mọ́. Edé? Rárá.

Ẹ̀ṣọ́_Ilé:
Ibi tí ìdánwò yìí ti ń bàjẹ́ kì í ṣe inú ìkòkò. Ẹnu ọ̀nà ni, abẹ́ tábìlì ni, ọwọ́ mègáàdì ni.

Ẹ kó gbogbo ará ilé jọ, ẹ sọ fún wọn: kò sí nǹkan kan, kò sí "díẹ̀ báyìí." Pọ̀nmọ́ awọ màlúù ni, ẹran màlúù ló jẹ́ fún ara ajá yẹn. Eegun jíjẹ tí wọ́n ń tà fún ajá, awọ màlúù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Búrẹ́dì ní àlìkámà, ó sì lè ní mílíìkì. Kúùbù ọbẹ̀ lè ní sóyà tàbí àlìkámà. Cerelac tó ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìkókó, wàrà wà nínú rẹ̀, ó sì lè ní àlìkámà. Ẹ má jẹ́ kí ajá wà níbi tí ọmọdé ti ń jẹun. Ẹ gbá ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀. Bí ológbò tàbí ajá mìíràn bá wà nílé, ẹ gbé àwo wọn kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó rọrùn jù kí gbogbo ajá ilé jẹ ehoro kan náà, bí àpò bá gbà á.

Ààtàn ni olórí ọ̀tá. Ajá tó ń jáde lọ fúnra rẹ̀ kò lè ṣe ìdánwò yìí. Okùn lọ́rùn, ẹ mú un jáde, ẹ mú un wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni oògùn. Oògùn eégbọn àti oògùn aràn tí ajá ń jẹ bíi mindin-mindin, adùn ẹran, ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí sóyà ló wà nínú púpọ̀ wọn. Ní àkókò yìí, ẹ lo èyí tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn. Kápúsù fúnra rẹ̀, awọ màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sórí iṣu bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, torí àwọn oògùn kan wà tí a kì í tú. Ọṣẹ ìfọyín ajá tó dùn bí adìẹ náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí nǹkan bá sì já, tó jẹ ohun tí kò yẹ, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Yíyún tó bá gbòde lẹ́yìn ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ 2 kó tó rọlẹ̀. Ẹ má ní "ó ti bàjẹ́ ná" kẹ́ ẹ wá fi ìrẹsì àná tì í.

Alájá_Bódìjà:
Ṣé kó máa họ ara lọ fún ọ̀sẹ̀ 8 náà? Ṣé kò sí nǹkan tí mo lè fún un? Piriton wà nílé.

Dókítà_Ẹranko:
Piriton kì í ṣe ajá láǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó léwu ni oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n ti da pseudoephedrine pọ̀ mọ́. Ó lè pa ajá kékeré. Ibuprofen àti parasitamọ́ọ̀lù náà, ẹ má dán an wò.

Dókítà yín lè fún un ní prednisolone tàbí oclacitinib, oògùn tó ń dín yíyún kù, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 àkọ́kọ́, kó lè sinmi, kí awọ lè san. Kò ba ìdánwò jẹ́, bí ẹ bá dá a dúró tí ẹ sì wò ó: bí oògùn ti kúrò, tí ó sì wà lórí ehoro, tí ọ̀sẹ̀ 2 kọjá láìsí yíyún, oúnjẹ ló ṣe iṣẹ́ náà. Bí yíyún bá padà bí oògùn ti tán, ẹ ṣì máa bá oúnjẹ lọ títí ọ̀sẹ̀ 8 á fi pé. Ohun tí mi ò fẹ́ ni abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń pẹ́ lára. Ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ ni àbí ehoro. Ẹ bi dókítà léèrè orúkọ ohun tó wà nínú síríǹjì kó tó gún un. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé prednisolone ń mú kí ebi máa pa ajá bí ẹni tí kò jẹun lánàá, òùngbẹ náà a máa gbẹ ẹ́. Ajá tébi ń pa báyìí á jalè. Ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣìnì.

Ẹ máa kọ èsì sílẹ̀. Ní alaalẹ́, ní àkókò kan náà, ẹ fún yíyún ní máàkì láti 0 dé 10: 0 ni pé kò họ ara ju bí ajá gbogbo ṣe ń họ ọ́, 10 ni pé kò lè sùn, kò lè jẹun, kò dáwọ́ dúró. Ẹ ka iye ìgbà tó yàgbẹ́. Ẹ ya fọ́tò àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú etí lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Ojú wa máa ń tàn wá; ìwé kì í tàn wá. Ju 80% lọ nínú àwọn ajá tó jẹ́ pé oúnjẹ ni wọ́n ní ọ̀ràn pẹ̀lú ni ara wọn á ti rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ 5; ju 90% lọ, títí ọ̀sẹ̀ 8. Ìdí tí a fi ń sọ pé 8 nìyẹn. Ẹni tó dúró ní ọ̀sẹ̀ 3 kò tíì ṣe ìdánwò.

Bí máàkì bá ti wálẹ̀ dáadáa, ẹ gbé oúnjẹ àtijọ́ padà, ìrẹsì pẹ̀lú orí adìẹ àti oúnjẹ inú àpò kan náà. Mo mọ̀ pé ó dun ọkàn. Àmọ́ láìsí èyí, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ọṣẹ ìwẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò ló mú un san. Bí oúnjẹ bá ni, yíyún á padà láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 14. Ti ọ̀pọ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan. Ní kété tó bá padà, ẹ dá ehoro padà, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀. Bí ọjọ́ 14 bá pé tí nǹkan kan kò ṣe é, kì í ṣe oúnjẹ. Á jẹ́ pé eruku ilé, kòkòrò inú rẹ̀ tàbí ìyẹ̀fun òdòdó ni, ìtọ́jú ìyẹn sì yàtọ̀. Àwọn kan wà tó ní méjèèjì: yíyún wọn á dín kù lórí ehoro, kò ní tán.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá ọ̀daràn. Orí ehoro àti iṣu, ẹ fi nǹkan kan ṣoṣo kún un fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ yọ ìdá mẹ́rin ehoro, ẹ fi adìẹ sísè lásán dí i. Kò sí wàhálà? Ẹ kọ ọ́ pé adìẹ lọ láre. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ gbé ẹran màlúù wọlé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé ẹyin, mílíìkì, àlìkámà. Èyí tó bá fa yíyún, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró kí ara rọlẹ̀ pátápátá kí òmíràn tó wọlé. Ẹ má ṣe méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ewu kan wà tí kò dúró de ìwé: bí ojú bá wú lójijì, tí ara yọ kókó-kókó, tó ń bì léraléra, tí èrìgì rẹ̀ funfun tàbí tó ṣubú, ilé dókítà ní wàràwàrà. Oúnjẹ kì í sábà fa èyí, oyin tó ta á tàbí abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń fà á, àmọ́ ẹ má dúró wádìí rẹ̀.

Ajá_Láìsí_Àlìkámà:
Ẹ ń fi ìyà jẹ ara yín. Oúnjẹ inú àpò tí kò ní ọkà kankan ń bẹ. Tàbí kẹ́ ẹ fún un ní ẹran tútù bí Ọlọ́run ṣe dá ajá. Alẹ́jì á lọ.

Dókítà_Ẹranko:
Ẹ wo àkójọ ìwádìí 2016 tí mo kọ lókè. Mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ọkà nínú wọn. Oúnjẹ "aláìlọ́kà" tó kún fún adìẹ kò ṣe ajá tí ara rẹ̀ kọ adìẹ ní nǹkan kan. Ní 2018 sì ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí irú oúnjẹ wọ̀nyẹn, àwọn tó kún fún ẹ̀wà oríṣiríṣi dípò ọkà, nítorí àìsàn ọkàn tó ń mú iṣan ọkàn ajá dẹ̀. Wọn kò tíì sọ pé òun ló fà á, àmọ́ kì í ṣe oògùn alẹ́jì. Ẹran màlúù tútù ṣì ni ẹran màlúù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé bakitéríà salmonella lè wà lára tútù.

Alájá_Peckham:
Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa níbí: bí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní August tàbí September, ẹ ya ọmọ ìka rẹ̀, ẹ wo inú. Kòkòrò pupa bí ìyẹ̀fun ata, tó ṣù jọ sójú kan, harvest mite ni. Inú koríko ni wọ́n ti ń mú un. Kì í ṣe oúnjẹ.

Èkejì, àpò tí wọ́n kọ "lamb and rice" (àgùntàn àti ìrẹsì) sí lára ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ọ̀rá adìẹ tàbí ẹyin sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "meat and animal derivatives" (ẹran àti ohun tó ti ara ẹranko wá) láì sọ ẹran wo, ẹ dá a padà. Kódà èyí tí ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, wọ́n ti yẹ irú wọn wò nílé àyẹ̀wò tí wọ́n sì bá ẹran mìíràn nínú rẹ̀, torí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi ń lọ gbogbo rẹ̀. Fún ìdánwò, ti dókítà tàbí ti ìkòkò ilé ni. Ti ṣọ́ọ̀bù lè dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀.

Alájá_Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ìwé náà: adìẹ, ẹran màlúù, ẹyin, Titus, mílíìkì, ìrẹsì, búrẹ́dì, iṣu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ehoro kò sí níbẹ̀, ọ̀dùnkún kò sí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni oògùn aràn rẹ̀ bọ́ sí, èyí tó dùn bí ẹran ló sì wà lọ́wọ́. Ṣé kí n fò ó?

Ẹ̀ṣọ́_Ilé:
Ẹ má fò ó. Ẹ fún un lónìí, kẹ́ ẹ tó gbé ehoro kaná. Nígbà tí oògùn eégbọn tó kàn bá tó, ti ẹ̀yìn ọrùn ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan náà.

Alásè_Ajá:
Ọ̀dùnkún kò wúwo nínú tó iṣu. Bó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ lò fún kílò 8, ẹ jẹ́ kó tó gíráàmù 260. Bó bá sì ń yàgbẹ́ rírọ̀ ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ dín òróró kù sí ìdajì ṣíbí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.